Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá ń fo ìṣàyẹ̀wò tó wà níwájú commit

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ènìyàn méje ni wá nínú ẹgbẹ́ tó ń kọ kóòdù fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Python ni a fi kọ apá ti sáfà, TypeScript ni a fi kọ apá tí àwọn oníbàárà ń rí. Lọ́dún tó kọjá ni mo fi pre-commit sínú kóòdù wa, kí ó máa tún ìtò kóòdù ṣe, kí ó máa tọ́ka àṣìṣe, kí ó sì máa ṣe gbogbo ìdánwò wa kí commit (àkọsílẹ̀ àyípadà kóòdù kan nínú Git) tó wọlé. Ní báyìí, commit kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mẹ́rin nínú wa ń fi --no-verify fò ó, ẹni tuntun kan kò tilẹ̀ fi hook náà, ìyẹn ìṣàyẹ̀wò tí Git ń mú ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì wa bá kóòdù wọ GitHub, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù wa sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá wa ní kí n wá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fò ó mọ́. Ṣé ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà, àbí kí n kúkú yọ gbogbo rẹ̀ kúrò?"

Kí a tó dé orí hook, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn kúrò nílẹ̀, nítorí òun nìkan ni kò lè dúró di ọ̀la nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Bí ẹ kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ka ìlà tó kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé bí àwọn bá ti pa ìlà náà rẹ́, tí àwọn sì ṣe commit mìíràn, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ Git gan-an ni láti máa tọ́jú gbogbo ohun tó ti kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹ̀dà kóòdù yín lè padà sẹ́yìn lọ ka ọ̀rọ̀ aṣínà náà nínú commit àtijọ́. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní git filter-repo tó lè tún ìtàn kóòdù kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé inú kọ̀ǹpútà àwọn tó ti gba ẹ̀dà tiwọn, kò lè dé inú fork (ẹ̀dà tí ẹlòmíràn ti ṣe sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí GitHub), GitHub fúnra rẹ̀ sì lè ṣì máa fi commit àtijọ́ náà han ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ dátábéèsì wò bóyá àjèjì kan ti wọlé láàárín ìgbà tó fi wà níta, lẹ́yìn náà ni ẹ tó lè jókòó pinnu bóyá ó yẹ kí ẹ tún ìtàn kọ. Lójú tèmi, bí ọ̀rọ̀ aṣínà náà kò bá ti lè ṣí ohunkóhun mọ́, wàhálà àtúnkọ ìtàn kì í sábà tó nǹkan tí ẹgbẹ́ ẹni méje ń kó ara wọn sí, nítorí gbogbo yín ni yóò tún ẹ̀dà gbà ní tuntun.

Wàyí o, ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín. Èkínní ni bóyá a lè fi ipá mú ènìyàn lo hook. Èkejì ni ìdí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fi ń fò ó. Ẹ̀kẹta ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn dúró. Ọ̀gá yín sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, ìyẹn ló sì mú kí ẹ máa rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí ẹ de gbogbo ènìyàn mọ́ ọn tàbí kí ẹ yọ ọ́ dànù.

Èsì ti àkọ́kọ́ ni pé kò sí. Kò sí ọ̀nà kankan tí ẹ fi lè sọ hook orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn di ohun tí ẹni náà kò lè fò, kì í sì í ṣe pé àwọn tó ṣe Git gbàgbé. Linus Torvalds kọ Git ní ọdún 2005 kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux káàkiri ayé lè máa bá iṣẹ́ lọ láìdúró de sáfà kan ṣoṣo. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ oníkálukú jẹ́ odindi, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló sì ni àṣẹ lórí rẹ̀. Inú fóldà .git/hooks ni hook ń gbé, fóldà yìí kò sì sí lára ohun tí Git ń gbé wá nígbà tí ènìyàn bá ṣe clone, ìyẹn nígbà tó bá gba ẹ̀dà kóòdù. Ìdí rẹ̀ ni pé hook jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí Git máa ń mú ṣiṣẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé clone ń gbé e wá ni, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá tàn yín láti gba kóòdù òun ti rí ọ̀nà láti ṣe ohun tó wù ú lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tuntun tí ẹ sọ pé kò ní hook kankan kò ṣẹ ẹnikẹ́ni nìyẹn; kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó tẹ pre-commit install lẹ́yìn tó gba kóòdù.

Àwọn ọ̀nà kan wà tó ń dín ìgbàgbé kù. Láti ìgbà Git 2.9, tó jáde ní ọdún 2016, a lè fi core.hooksPath tọ́ka sí fóldà kan láàárín kóòdù gan-an, kí àtúnṣe tí a bá ṣe sí hook lè máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n oníkálukú ni yóò ṣì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ètò náà lẹ́ẹ̀kan. Lápá TypeScript, Husky, irinṣẹ́ kan tó ń to hook, máa ń gba inú npm install wọlé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbé àwọn ohun èlò iṣẹ́ náà wálẹ̀ ti gba hook mọ́ ọn. Gbogbo èyí dára, ẹ lò ó. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ git commit --no-verify ti fo hook pre-commit àti commit-msg (èyí tó ń yẹ ọ̀rọ̀ àlàyé commit wò) lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ SKIP síwájú àṣẹ rẹ̀ lè yan èyí tó fẹ́ fò nínú àwọn ìṣàyẹ̀wò, ẹni tó bá sì tún fáìlì ṣe nínú búráúsà lórí GitHub, tàbí tó tẹ bọ́tìnnì merge, tó ń da iṣẹ́ pọ̀, níbẹ̀, kò bá hook orí kọ̀ǹpútà kankan pàdé rárá. Bí a ti ń sọ ọ́ yìí, ẹ ṣọ́ra fún ìkékúrú rẹ̀. Lẹ́yìn git commit, -n túmọ̀ sí pé kí Git fo ìṣàyẹ̀wò. Lẹ́yìn git push, ohun tí -n kan náà ń sọ ni pé kí Git kàn ṣe bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kó má fi ohunkóhun ránṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọ̀sán wá commit rẹ̀ lórí sáfà nítorí èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lé ọ̀gá yín lọ́wọ́ ni pé hook orí kọ̀ǹpútà dà bíi dígí inú yàrá: ó ń jẹ́ kí ènìyàn tún aṣọ rẹ̀ tò kó tó jáde, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pinnu ẹni tó máa wọ gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀gá yín rí --no-verify bí ìwà àìgbọràn. Èmi kì í kà á sí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ti ju ẹnì kan lọ. Bí mẹ́rin nínú méje bá ń fo nǹkan kan, nǹkan yẹn ló yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó yẹ ènìyàn wò. Nínú Git, commit jẹ́ nǹkan kékeré tí kì í náni ní ohunkóhun, tí kò sì tíì kan ẹlòmíràn títí ènìyàn yóò fi fi ránṣẹ́. Ènìyàn lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan: nígbà tó fẹ́ dán ọ̀nà mìíràn wò, nígbà tó fẹ́ bọ́ sórí branch (ẹ̀ka iṣẹ́) mìíràn, nígbà tí bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tí iná kò sì tíì dé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn kan á fò ó. Àwọn tí kò fò ó, tí ọ̀gá yín ń rò pé àwọn ló ń gbọ́ràn, á dín iye commit wọn kù, wọn á kó iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ jọ sínú ẹyọ kan, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ka ti àwọn yìí sí àdánù tó ju ti àwọn tó ń fò ó lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń rí i.

Ẹ wá ibi tí ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ń lọ kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Bí ẹ bá tẹ pre-commit run --all-files --verbose, yóò kọ àkókò tí ìṣàyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan gbà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. N kò rí kóòdù yín, nítorí náà n kò lè búra, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí n óò kọ́kọ́ wò. Àwọn ìdánwò yín ni mo fura sí ṣáájú, pàápàá bí wọ́n bá ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo fáìlì .pre-commit-config.yaml yín bóyá ẹ ti kọ pass_filenames: false tàbí always_run: true síbì kan. Bí a bá fi pre-commit sílẹ̀ bó ṣe wà, kìkì orúkọ àwọn fáìlì tí ènìyàn ti fi git add yàn ló máa ń gbé fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló sì ń mú kó yá. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn lè sọ ọ́ di pé kí irinṣẹ́ kan máa ṣiṣẹ́ lórí odindi kóòdù nítorí lẹ́tà kan tí ènìyàn tún ṣe. Lápá TypeScript, ọ̀ràn tsc, irinṣẹ́ tó ń yẹ odindi kóòdù TypeScript wò, yàtọ̀ díẹ̀. Irú iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣeé fi fáìlì kan dá lẹ́jọ́, nítorí pé ohun tí ènìyàn yí padà nínú fáìlì kan lè ba fáìlì mìíràn tí kò fọwọ́ kàn jẹ́, bí ẹ bá sì to orúkọ fáìlì sẹ́yìn tsc, kò ní tẹ̀lé tsconfig.json yín mọ́. Àfi kó ṣe gbogbo rẹ̀ tàbí kó má ṣe é níbẹ̀. Èmi á ní kó má ṣe é níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń fi kan hook náà, pé ó ń kọ commit sílẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibi mẹ́ta ni kóòdù ń gbé nínú Git. Ó wà nínú fáìlì tí ẹ ń rí, ó wà ní ibi ìdúró tí git add ń kó o sí, ó sì wà nínú commit. Bí irinṣẹ́ bíi Ruff tàbí Prettier bá tún ìtò fáìlì ṣe lásìkò commit, fáìlì tí ẹ ń rí ló tún ṣe. Èyí tó wà ní ibi ìdúró ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Nítorí náà, pre-commit yóò dá commit náà dúró, yóò sọ pé òun ti yí fáìlì padà, yóò sì retí pé kí ẹ wo àtúnṣe náà, kí ẹ tún git add ṣe, kí ẹ sì tún commit ṣe. Ẹni tí kò mọ èyí á rí àkọlé pupa, á rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, á sì na ọwọ́ sí --no-verify. Àlàyé kúkúrú kan láàárín ẹgbẹ́ yín lè mú ìdajì ìkùnsínú yẹn kúrò. Ohun tó tún dára jù ni pé kí oníkálukú to VS Code, tàbí irinṣẹ́ yòówù tó fi ń kọ kóòdù, kó máa tún ìtò ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá tọ́jú fáìlì, kí hook má baà rí ohunkóhun tún ṣe nígbà tí commit bá dé.

Kí ló wá yẹ kó kù sídìí commit? Ohun tí kò ní ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, tí ẹni tó ń ṣe commit sì lè tún ṣe lójú ẹsẹ̀. Ruff ń gba àkókò tó kéré gan-an lórí Python, kó tún ìtò ṣe, kó sì tọ́ka àwọn àṣìṣe tó hàn kedere. Prettier lè ṣe ti TypeScript lórí àwọn fáìlì tí a yàn nìkan. Ẹ fi check-merge-conflict sí i, kí ẹnikẹ́ni má fi àmì ìjà merge ránṣẹ́, àti check-added-large-files, tó ń dá fáìlì tuntun tó bá ju 500 kB lọ dúró bí ẹ kò bá yí òdiwọ̀n rẹ̀ padà. Ẹ fi irinṣẹ́ kan tó ń wá àṣírí sí i, Gitleaks tàbí detect-secrets, mo sì máa padà sórí ìyẹn. Ẹ yọ gbogbo ìdánwò kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé ìdánwò lọ sí pre-push, kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá rántí pé pre-commit install lásán kì í fi hook ti pre-push síbẹ̀, àfi kí ẹ fi --hook-type pre-push kún un tàbí kí ẹ kọ default_install_hook_types sínú fáìlì ètò yín. Ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ fà sí i. Ìgbà tí ènìyàn máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ jù ni ìgbà tó fẹ́ dìde nílé iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun wo nǹkan, ìdádúró níbẹ̀ sì máa ń bí --no-verify tuntun. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú CI yín (ìṣàyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí sáfà) bá ń tán kí oṣù tó parí, àwọn ìdánwò kéékèèké tí kò kan dátábéèsì lè wà níbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tí ọ̀gá yín ti lè rí ohun tó ń wá ni sáfà. Ẹ jẹ́ kí GitHub Actions, tó jẹ́ CI ti GitHub, máa ṣe pre-commit run --all-files, kó tún máa ṣe tsc àti gbogbo ìdánwò yín lórí pull request (ìbéèrè láti da iṣẹ́ pọ̀) kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ dáàbò bo branch main, ẹ̀ka àgbà, kí ẹ sì sọ àwọn ìṣàyẹ̀wò yẹn di dandan kí bọ́tìnnì merge tó lè ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, --no-verify kò ní ohun tó lè ṣe. Ẹni tó bá fò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò bá ìṣàyẹ̀wò kan náà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò ní hook yóò bá a níbẹ̀, ẹni tó tún fáìlì ṣe nínú búráúsà pẹ̀lú. Ẹ fi sí i pé àwọn alábòójútó náà kò gbọdọ̀ rékọjá rẹ̀, nítorí pé láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fò ó lálẹ́ ọjọ́ tí oníbàárà bá pariwo.

Ó ní ìdíwọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ṣèlérí fún ọ̀gá yín. Lórí ètò ọ̀fẹ́ GitHub, branch kóòdù àdáni kò ṣeé dáàbò bò báyìí. Ẹ ní láti sanwó fún ètò tó wà lókè rẹ̀, tàbí kí kóòdù náà jẹ́ ti gbangba. Ìṣẹ́jú 2,000 lóṣù ni ètò ọ̀fẹ́ kan náà ń fún kóòdù àdáni lórí Actions, èyí tí ẹni méje tí ìdánwò wọn gùn lè lò tán. Hook orí sáfà tí ẹ kọ fúnra yín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pre-receive, kò sí lórí GitHub.com, àwọn tó ń gbé GitHub Enterprise Server tàbí GitLab sórí ẹ̀rọ ara wọn ló ń rí i lò. Pàkúté kan náà wà tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá sọ pé kí odindi workflow (ètò iṣẹ́ inú Actions) ti Python máa ṣiṣẹ́ kìkì ìgbà tí fáìlì Python bá yí padà, tí ẹ sì sọ ọ́ di dandan, pull request tó kan TypeScript nìkan yóò dúró síbẹ̀ láìlọ láìbọ̀, nítorí GitHub yóò máa retí èsì ìṣàyẹ̀wò tí kò ní bẹ̀rẹ̀ láé. Ẹ jẹ́ kí workflow náà máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì fi if sórí job (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan) inú rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Job tí a bá fò báyẹn, GitHub ń kà á sí èyí tó yege.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò gbà kí ẹ fi CI nìkan ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ aṣínà, ìbéèrè kẹta yín sì nìyẹn. Ìgbà tí CI bá rí i, ó ti wà lórí GitHub ná. Àṣìṣe inú ìtò kóòdù lè dúró di ìgbà yẹn, ìdánwò tó kùnà lè dúró, ṣùgbọ́n àṣírí tó ti jáde kò ṣeé pè padà. Níbí ni hook kékeré tó yára ti wúlò jù lọ, nítorí òun ló ń rí nǹkan náà kí ó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́ta máa ba orúkọ rẹ̀ jẹ́: ẹni tó fi --no-verify sá fún ìdánwò ti sá fún ẹni tí ì bá rí ọ̀rọ̀ aṣínà náà pẹ̀lú. Lápá ti sáfà, GitHub ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní push protection, tó ń kọ push tó bá gbé àṣírí dání kó tó wọlé. Ọ̀fẹ́ ni lórí kóòdù gbangba, ṣùgbọ́n owó ló ń gbà lórí kóòdù àdáni. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó mọ̀ dáadáa ni kọ́kọ́rọ́ tó ní àwòmọ́, irú èyí tí AWS tàbí Stripe ń fúnni, tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń sọ ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì tí ẹnì kan ronú kàn fúnra rẹ̀ kò jọ ohunkóhun, Gitleaks náà sì lè má rí i. Nítorí náà, ẹ gbé e kúrò nínú kóòdù pátápátá, kí ètò yín máa kà á láti inú environment (ètò ẹ̀rọ tó wà níta kóòdù), kí fáìlì .env sì wà nínú .gitignore. Bí .env bá ti wọ Git tẹ́lẹ̀, .gitignore kò ní ṣe nǹkan kan sí i títí ẹ óò fi ṣe git rm --cached .env; mo fura pé ibẹ̀ ni tiyín ti yọ́ jáde.

Bí ẹ bá ti ní ìṣàyẹ̀wò níbi méjì, ìjà kan yóò bẹ̀rẹ̀: "Ó yege lórí kọ̀ǹpútà mi, CI ló ní kò yege." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nígbà gbogbo ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ti ẹ̀dà irinṣẹ́ tí kò dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí CI máa pe pre-commit gan-an dípò kó máa pe Ruff àti Prettier lọ́tọ̀, kí fáìlì ètò kan ṣoṣo lè máa darí ibi méjèèjì, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ kọ síwájú rev. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn máa yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yí, kọ̀ǹpútà oníkálukú ni yóò tún gbé irinṣẹ́ náà wálẹ̀, ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ sì ni yóò mọ̀ ọ́n lára jù. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹnì kan rí ọ̀nà wọ tj-actions/changed-files, action kan (ègé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kọ fún Actions) tí kóòdù tó ju 23,000 lọ ń lò lórí GitHub, ó sì yí àwọn tag (orúkọ ẹ̀dà) rẹ̀ láti tọ́ka sí commit burúkú kan tó ń tú àṣírí sínú àkọsílẹ̀ CI. Àwọn tó ti kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ commit tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní kíkún, tí wọn kò kọ orúkọ tag, kò gba commit burúkú náà. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà náà fún gbogbo action tí kì í ṣe tiyín. Lápá ti hook, pre-commit autoupdate --freeze yóò bá yín kọ ọ́.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ kúkú yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. N kò ní pè é ní òmùgọ̀. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí hook kankan lórí kọ̀ǹpútà: CI wọn yára, irinṣẹ́ ìkọ̀wé wọn ń tún ìtò ṣe fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbà pé kí CI máa sọ àṣìṣe fún wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, mo lè gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ fi hook sílẹ̀, kí ó kéré, kí ó yára débi pé fífò ó kò ní fi àkókò kankan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gbé ohun dandan lọ sí sáfà. Kí ẹ sì jẹ́ kó yé ọ̀gá yín pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè sọ bóyá kóòdù náà bọ́gbọ́n mu. Ìtò lè gún régé, gbogbo ìdánwò lè yege, kí iye owó tí ètò náà ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ṣì jẹ́ èyí tó lòdì. Ojú ènìyàn ló ń rí ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe commit kan tí kò ní ju àtúntò gbogbo kóòdù àtijọ́ lọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fáìlì .git-blame-ignore-revs. Láti Git 2.23 ti ọdún 2019, git blame lè fo irú commit bẹ́ẹ̀ kí orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan gan-an lè máa hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí CI máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì láìjẹ́ dandan. Ní àsìkò yẹn, ẹ kọ gbogbo ìdánwò tó ń kùnà lónìí tó sì ń yege lọ́la láìsí ìdí sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdánwò oníyèméjì kan ṣoṣo tó bá di dandan á kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ láti máa tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ìdánwò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i títí yóò fi yege, ìyẹn sì jẹ́ --no-verify lábẹ́ orúkọ mìíràn. Nígbà tí ó bá ti ń sọ òtítọ́ déédéé, ẹ sọ ọ́ di dandan. Ẹ yan ẹni méjì tó lè ṣí i ní pàjáwìrì, kí wọ́n máa kọ ìdí rẹ̀ sínú pull request náà, kí wọ́n sì tì í padà lọ́jọ́ kan náà. Ní ti àwọn mẹ́rin tó ń fo hook, ẹ má dárúkọ wọn fún ọ̀gá yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìṣàyẹ̀wò wo ló kọ́kọ́ sú wọn, nítorí àwọn ló mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò.